Taya Olókè Tó O Kó Ránṣẹ́ Sílé

Láyíwọlá, o ní eré ni Clement sá. Mo ti gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ ohùn ẹ nínú fóònù, mo ní bóyá etí mi ló ń tàn mí jẹ, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta náà lo ní eré ló sá, o ní àwọn dẹ́rẹ́bà Nàìjíríà ò ní sùúrù. Àbúrò ẹ tí wọ́n so ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ irin ní ọsibítù bí ẹni so ewúrẹ́, eré ẹ̀ lo kọ́kọ́ bèèrè kó o tó bèèrè egungun ẹ̀.

Kí n kí ẹ ná, torí àwọn tó bí mi kọ́ mi nílé. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Dallas, ìwọ àti Stella ìyàwó mi, àti Jọmílójú tí mo fi oṣù mẹ́rin wẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín lọ́dún tó kọjá? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àtijáde àtiwọlé yín. Àwa náà wà ní Ẹ̀fọ̀n, a dúpẹ́. Òjò ò tíì rọ̀, oòrùn ń bẹ́ wa lórí, ewúrẹ́ dúdú yẹn bí méjì, ọ̀kan kú. Mo ti kí ẹ tán. Ó yá, jẹ́ ká padà sí ohun tí à ń sọ.

Oṣù keje ni taya mẹ́rin yẹn dé nínú kọ̀nténà. Nígbà tí wọ́n já a sílẹ̀, ta ló jó? Èmi ni. A yí i lọ bá Timothy tó ń lẹ taya nísàlẹ̀ títì wa, ó fi àkísà nù ún, ló bá pariwo pe gbogbo àdúgbò kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n ya òkè sí i lára, òkè oníṣóńṣó mẹ́ta, wọ́n wá fi ìràwọ̀ kan sáàárín ẹ̀. Timothy ní, Màmá Láyí, ẹ wo ọgbọ́n òyìnbó, àwọn tó ń gbé orí òkè ni wọ́n ṣe èyí fún. Ẹ̀fọ̀n tó jẹ́ pé tá a bá fẹ́ lọ sí Iléṣà a máa sọ̀ bí ẹni ń já sínú kànga, kí la fẹ́ bá a jiyàn sí? Mo ní ọmọ mi ò gbàgbé ọ̀nà tó rìn dàgbà. Mo jẹ́rìí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, pásítọ̀ gbọ́wọ́ lé taya náà. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ohun tí à ń pè ní ìràwọ̀ yẹn, yìnyín ni.

Clement fi í sábẹ́ Sienna tó fi ń kó èèyàn lọ sí Iléṣà. Nígbà òjò kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀rùn wọlé, títì gbóná bí agbada, ni taya bá bẹ̀rẹ̀ sí í yòrò bí ọṣẹ lọ́wọ́ alágbàfọ̀. Clement wá bá mi, ó ní Màmá, taya yìí ń tán lọ o. Mo ní pa ẹnu ẹ dé, abara-móore-jẹ, taya tí ẹ̀gbọ́n ẹ rà, tí wọ́n ya òkè sí. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́. Mi ò fi pamọ́ fún ẹ.

Ọjọ́ Monday ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, wọ́n ń sọ̀ lọ sọ́nà Ẹ̀rìn, taya ẹ̀yìn bẹ́, mọ́tò wọgbó. Itan Clement ṣẹ́ sí méjì. Ìyá Haneefah tó jókòó síwájú kán eyín méjì, ó sì ń fi èyí tó kù ṣépè káàkiri àdúgbò. Kò dárúkọ ẹni tó ń ṣé e fún, ṣùgbọ́n iwájú ilé mi ló máa ń dúró sí. Àwọn yòókù, ẹ̀rù ló bà wọ́n, Ọlọ́run ló yọ wọ́n.

Mo ní mi ò ní gbà. Nọ́ńbà wà lára taya náà, gbọọrọ, òyìnbó ló kọ ọ́ síbẹ̀. Mo ní kí Timothy bá mi pè é kí n lè fẹjọ́ sun àwọn tó ṣe é. Ó pè é títí, kò wọlé. Ó pe ti taya kejì, nọ́ńbà kan náà ni, òun náà ò wọlé. Ẹni tó bá ń ṣe rere kì í kọ nọ́ńbà tí kì í wọlé sára ọjà ẹ̀.

Stella ló là mí lójú. Ó pè mí, ó ń sunkún, ó ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe taya yìnyín yẹn ló wà lábẹ́ mọ́tò? Ó ní ó rọ̀, òtútù ni wọ́n ṣe é fún, oòrùn máa ń jẹ ẹ́ tán. Ó ní òun rò pé o ti dà á nù.

Ìgbà yẹn ni mo jókòó tí mo ro gbogbo ẹ̀. Ṣebí ojú mi ni ìjà yẹn ṣe ní January. Stella tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Carrollton, tó máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ní yìnyín ń bọ̀, afárá títì ńlá tí wọ́n ń pè ní fíríwéè ló kọ́kọ́ máa ń dì, òun fẹ́ taya yìnyín. Ìwọ ní yìnyín ọjọ́ mẹ́ta lọ́dún kan, ṣé torí ìyẹn lèèyàn á ṣe ra taya ọ̀tọ̀, ìwọ ní taya gbogbo-ìgbà ti tó, àwọn ará Chicago ni kó lọ ra tọ̀hún. Èmi ni mo gbè é, mo ní ẹni tí ẹran ara ẹ̀ máa wà lójú títì ti sọ̀rọ̀. O rà á, o ń kùn. Òtútù wá mú débi pé iná kan tàn níwájú ẹ nínú mọ́tò, ó dà bí ìkòkò, mo ní ẹ yí padà, ẹ̀wà tí mo gbé kaná ló ń jó. Ìwọ àti Stella rẹ́rìn-ín títí, ẹ ní taya ló ń bèèrè atẹ́gùn. Mọ́tò tó mọ̀ pé taya ni, kó ya taya, kí ló ń ya ìkòkò fún. Lọ́jọ́ kẹrin yìnyín yọ́, o ní, Màmá, ẹ ti rí i báyìí.

March lo gbé mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin onífìlà yẹn tó ń pààrọ̀ taya ní Grand Prairie, èmi àti ìwọ nìkan. Ó tú taya yìnyín, ó dá taya gbogbo-ìgbà padà. Ó wá fi àtàǹpàkò tẹ taya tó tú sílẹ̀, ó nawọ́ sí oòrùn, ó nawọ́ sílẹ̀, ó mirí, ó sọ Gẹ̀ẹ́sì tó gùn. Mo bi ẹ́ pé kí ló wí. O ní, Màmá, ó ní mo gbọ́n. Inú mi dùn. Láyíwọlá, ẹni tó ń yin èèyàn kì í mirí báyẹn.

Èyí tó bá gbogbo ìgbà mu, ìwọ gbé e sábẹ́ ara ẹ. Èyí tí ìgbà ẹ̀ ti kọjá, o dì í fún wa. Ìgbà mélòó la ní ní Ẹ̀fọ̀n tí ò ní oòrùn nínú? Kì í ṣe ìwọ nìkan. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe, gbogbo yín tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún. Fíríìjì tó ti kú, bàtà tí ẹsẹ̀ kan tóbi ju ìkejì, ẹ á kó o sí kọ̀nténà, àwa á fọ̀ ọ́, a á wọ̀ ọ́, a á tún gbàdúrà fún yín lé e. Ààtàn wo ló ń ṣe àmín fún ẹni tó ń da ilẹ̀ sí i?

Owó ìtọ́jú tó o fi ránṣẹ́ ti dé, mi ò tọrọ òmíràn. Tó o bá máa fi nǹkan ránṣẹ́, irú taya tó wà lábẹ́ mọ́tò tìẹ gan-an ni kó o rà, mẹ́rin, kí Clement lè rí iṣẹ́ ṣe tó bá dìde. Clement ò fẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ò mọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń sọ fún àwọn tó wá kí i pé eré lòun sá, ó ti sọ ọ́ fún Ìyá Haneefah pàápàá, ó ní bẹ́ ẹ bá máa ṣépè, eré tí mo sá ni kẹ́ ẹ ṣé e fún. Kò sì sá eré kankan. Tó bá jẹ́ lóòótọ́ lo ò mọ̀, màá kúnlẹ̀ níbi bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, màá gba ẹ̀bi tèmi, ọ̀rọ̀ tán. Àmọ́ mi ò lè máa jókòó ti ọmọ tó ń purọ́ bo ẹni tó ṣe é.

Stella, wàá dàgbà, wàá darúgbó, ojú títì ò ní mọ̀ ẹ́. Jọmílójú á jogún ọwọ́ rere ìyá ẹ̀. Láyíwọlá, àdúrà tìẹ ti wà lẹ́nu mi, mi ò tíì ṣe àmín sí i.

Èmi ìyá ẹ, Oyèrónkẹ́, tí kò sẹ́ni tó fi mí sílé ìwé, tí mo fi ìwé kíkà tẹ́ ẹ já sílẹ̀ kọ́ ara mi, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Olúyínká tó ń gbé ní Addison nítòsí yín, tó wá sìnkú bàbá ẹ̀, ló ń mú un bọ̀ wá bá ẹ. Mo ti ní kó dúró tì ẹ́ títí wàá fi kà á tán, kó sì gba èsì tó o kọ sínú ìwé, kó fi ránṣẹ́ sí mi. Má sọ ọ́ sínú fóònù.

Ohun tí mò ń bèèrè ò ju ẹyọ kan lọ. Ọkùnrin onífìlà yẹn, nígbà tó nawọ́ sí oòrùn, kí ló sọ fún ẹ? Kọ ọ́ bó ṣe wí i gan-an, kó o sì dá mi lóhùn.