Igi Ológun Ṣẹ̀ṣẹ̀ Tí Mo Gé Lẹ́yìn Ilé Yín

Bàámi, olówó orí ìyá mi,

Ọyẹ́ ti dé sí Ìbàfò. Ètè gbogbo wa ti là, eruku márosẹ̀ ti bo páànù, kànga yín sì ti fà débi pé ẹrẹ̀ ni korobá ń gbé bọ̀. Àsìkò yìí gan-an ni ẹ̀yìnkùlé yín máa ń dùn ún wò jù. Kò dùn ún wò mọ́, Bàámi. Èmi ni mo bà á jẹ́.

Nígbà tí àdúrà ogójì ọjọ́ yín ku ọ̀sẹ̀ kan, mo wo ẹ̀yìnkùlé, ojú tì mí. Mo ní àwọn ará ilé á dé láti Ìkìrun, wọ́n á ní inú igbó la ti ń ṣàdúrà yín. Màámi wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Akúte nígbà yẹn. Ni mo bá pe àwọn tó ní ayùn. Wọ́n gé ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ yín, wọ́n gé akòko tó wà létí ògiri, a sì da kọnkéré sí gbogbo ilẹ̀ kí àga lè rí ibi dúró. Àwọn àlejò yìn mí, wọ́n ní mo gbìyànjú, orí mi sì wú. Ọ̀dẹ̀ ni mí!

Mi ò mọ̀ pé torí Màámi lẹ ṣe gbin àwọn igi yẹn. Ṣebí láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú wọn ni wọ́n ti ń jókòó sójú fèrèsé ẹ̀yìn? Bí ọyẹ́ bá ti gbọn ewé ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ dànù, òdòdó pupa á bo ẹ̀ka rẹ̀, ẹyẹ wínníwínní tí ọrùn rẹ̀ ń dán á wá fi ẹnu gígùn yẹn máa fa omi dídùn inú rẹ̀. Ẹ̀yin á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi pẹ̀lú pákò lẹ́nu, ẹ ò ní sọ̀rọ̀, ẹ kàn máa nàka ni. Omi tí ẹ bá fi bọ́jú, ìdí igi lẹ máa ń dà á sí. Kí ló dé tí mi ò bi yín léèrè rí?

Nígbà tí Màámi padà dé, mo ní ìjì ló wó àwọn igi náà. Irọ́ gbuu! Ọyẹ́ wá dé, wọ́n retí ẹyẹ títí, wọn ò rí kankan. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ rán ìjì, ẹ̀yin lẹ kó ẹyẹ yín lọ. “Kí ni mo ṣe fún bàbá yín? Ṣé torí pé oorun gbé mi lọ lọ́jọ́ tí wọ́n kú ni?” Bí wọ́n ṣe ń bi mí nìyẹn. Ó di ọjọ́ kẹrin tí wọn ò jẹun, omi lásán ni wọ́n ń tọ́ wò. Wọ́n ti gbẹ, Bàámi. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Kí wọ́n tó kọ oúnjẹ, mo ti sáré ra òdòdó òyìnbó létí márosẹ̀, pupa, yẹ́lò, oríṣiríṣi. Ọ̀sẹ̀ kan ni ọyẹ́ fi sun gbogbo wọn, ẹyẹ kankan ò yà wò wọ́n. Ni mo bá ní kí wọ́n fọ́ kọnkéré. Mo tọrọ ẹ̀ka ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ àti ti akòko lọ́wọ́ bàbá àgbẹ̀ tó ń gbé lẹ́yìn wa, mo rì wọ́n mọ́lẹ̀. Mo dorí wọn kodò! Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn: “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí ni igi fi ń mumi ni?” Wọ́n bá mi tún wọn rì. Mò ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò tíì rúwé. Èwo nínú wọn ló máa ń kọ́kọ́ yọ òdòdó? Ọdún mélòó lẹ fi dúró dè é? Màámi ò lágbára àtidúró dọdún.

Láàárọ̀ yìí, mo gbé ẹ̀kọ méjì àti mọ́ínmọ́ín síwájú wọn, wọ́n kọjú sí ògiri. Mo kúnlẹ̀, mo ní kì í ṣe ìjì, kì í ṣe Bàámi, èmi ni mo ní kí wọ́n gé e. “Ìwọ?” Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n sọ nìyẹn. Wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n sì fi ọwọ́ wọn kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ tì mí sẹ́yìn.

Mo lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbọ́ tí ewé ẹ̀kọ ń dún. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn ò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ẹ̀kọ méjèèjì tán, Bàámi.

Èmi ni,
àkọ́bí yín obìnrin, tí àárò yín ò jẹ́ kó sinmi.