Aago Ilé Ìdáná Bàbá Huckaby

Òpópónà Mill,
Tolbert, Indiana.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá.

Joanna, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Paul ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ara yín le? Ṣé òjò Oregon kò tíì sọ yín di ẹja? Ní tèmi, mo wà bí mo ṣe máa ń wà. Orúnkún tó ń yọ mí lẹ́nu ti gbàgbé mi fúngbà díẹ̀, èmi náà kò sì rán an létí.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà lọ́jọ́ Ẹtì. O ní ilé ẹjọ́ fìwé pè ọ́ pé kí o wá wà lára àwọn ará ìlú méjìlá tí yóò gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn, tí wọ́n á sì sọ bóyá ó jẹ̀bi, o sì ń bi mí pé àwáwí wo ló máa tà jù kí o má baà lọ, ẹ̀yìn ríro tàbí iṣẹ́ ọ́fíìsì. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ dé bá èmi náà lóṣù kẹsàn-án, ẹ̀yìn ríro gan-an ni mo sì fẹ́ kọ sí wọn. Dolores ẹ̀gbọ́n mi ló ní, "Marlene, ẹ̀yìn tó wa ọkọ̀ ọmọ iléèwé fọ́dún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ṣé òun ni kò ní lè jókòó nílé ẹjọ́ fọ́jọ́ mẹ́ta? Lọ, jàre!" Ojú tì mí, mo sì lọ.

Ẹjọ́ tí a gbọ́ nìyí: lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹrin, ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Opal Renner lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Nígbà tó fi máa dé, wọ́n ti já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ti kó ìbọn ọdẹ ọkọ rẹ̀ tó ti kú, wọ́n sì ti mú òrùka ìgbéyàwó ìyá rẹ̀ lọ. Wọ́n mú Wesley Tackett, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tó ń bá wọn kan àga nílé iṣẹ́ kan ní kàúńtì kejì. Òun ló bá ìyá náà tún òrùlé ṣe lọ́dún tó kọjá, nítorí náà ó mọ inú ilé. Ọkọ̀ rẹ̀ pupa, ọkọ̀ pupa ni ẹlẹ́rìí sì rí. Adájọ́ kò sọ iye ọdún fún wa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé tí a bá dá a lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n tó nípọn ni. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́yìn rẹ̀ lójoojúmọ́, ó gbé ọmọ oṣù márùn-ún dání.

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún ọ, nítorí ọmọ mi ni ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní ni mo ti dá a lẹ́bi. Kí ló ṣe? Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọlọ́pàá ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Renner ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ láti inú dígí ọkọ̀ mi, ẹ̀rín ọmọ tó ti lẹ ṣingọ́ọ̀mù mọ́ irun ẹlòmíràn. Mo ní lọ́kàn mi pé, "Ọwọ́ bà ọ́ lónìí." Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi kò tilẹ̀ tíì gbọ́ tẹnì kankan tí mo fi dá tèmi.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n pe Bàbá Vernon Huckaby, tó ń gbé ní òdìkejì títì sí ilé ìyá Renner. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó sì ń kí gbogbo ènìyàn, títí kan olùjẹ́jọ́. Ó ní òun rí ọkọ̀ akẹ́rù pupa kan tó sáré jáde lẹ́nu ọ̀nà ìyá náà. Agbẹjọ́rò ìjọba bi í pé aago mélòó ni. Bàbá ní, "Aago mẹ́rin géérégé. Mo ń fọ ife lọ́wọ́, aago wà lókè orí mi." Ó ní òun fọ ife tán, òun nù ún, òun fún ológbò lóúnjẹ, ẹ̀yìn ìyẹn ni ọkọ̀ àwọn ọmọ iléèwé kọjá. Kò sẹ́ni tó ka ọ̀rọ̀ ológbò àti ọkọ̀ sí.

Ka ibí yìí sí Paul létí, nítorí ìlú tí aago rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ni wọ́n ti bí i. Kàúńtì tiwa ń lo aago pẹ̀lẹ́, kàúńtì tí ilé iṣẹ́ àga wà ń lo aago kíákíá. Tí tiwa bá lu mẹ́ta, tiwọn ti lu mẹ́rin. Káàdì ilé iṣẹ́ fi hàn pé Wesley kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago mẹ́rin tiwọn lù, ìyẹn ni pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí mẹ́ta lù lọ́dọ̀ wa. Ogójì ìṣẹ́jú ni ọ̀nà ibẹ̀ sí ilé ìyá Renner. Tó bá jẹ́ aago mẹ́rin ni bàbá rí ọkọ̀ náà, Wesley ráyè dé ibẹ̀, ó sì ráyè jalè. Ó ní ilé òun lòun lọ sùn, ṣùgbọ́n ta ló rí i tó ń sùn? Àwọn agbẹjọ́rò méjèèjì ṣe ìṣírò yìí níwájú wa, kò sì sí èyí tó ṣì í ṣe nínú wọn.

Èmi ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ iléèwé kò jẹ́ kí n gbádùn. Ní kàúńtì yìí, tó bá fi máa di aago mẹ́ta ààbọ̀, ọmọ tó kẹ́yìn ti sọ̀ kalẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà oko. Ọkọ̀ wo ló wá kọjá lẹ́yìn aago mẹ́rin? Bóyá ó pẹ́ lọ́jọ́ náà ni. Mo wá rántí ìyá bàbá rẹ, tí aago méjì wà lára ògiri rẹ̀, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. A kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí àwa méjìlá kọ ìbéèrè sínú ìwé. Mo gba ìwé, mo kọ ọ́ pé: "Aago ibo ni aago ilé ìdáná yín ń tẹ̀lé?" Gary Stemle tó ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ló jókòó tì mí. Ó yọjú wò ó, ó ní, "Màmá, ṣé èyí lẹ fẹ́ fi dá oúnjẹ ọ̀sán wa dúró?"

Adájọ́ Lorraine Betz pe àwọn agbẹjọ́rò sún mọ́ra, wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó sì ka ìbéèrè mi fún bàbá. Bàbá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Aago Dorothy ni, adájọ́ ọlọ́lá. Ìyàwó mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kan àga nílé iṣẹ́ yẹn, òun ló yí i sí aago kíákíá kí n má baà pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Nígbà tó kú, n ò lè fọwọ́ kàn án. Tí mo bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo kàn máa ń yọ wákàtí kan kúrò ni." Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé e. Ó yíjú sí Wesley, ó ní, "Ọmọ mi, n ò yọ wákàtí yẹn kúrò o."

Aago mẹ́ta tiwa ni bàbá rí ọkọ̀ pupa náà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni Wesley tíì kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀nà ogójì ìṣẹ́jú sì ni. Àfi tó bá fò. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a, ṣùgbọ́n ta ló purọ́ níbí? Bàbá rere kan ló fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, ìyẹn ló sì kù díẹ̀ kó ti ọmọ ọlọ́mọ sẹ́wọ̀n. Ẹ̀rù bà mí, Joanna. Ó ṣì ń bà mí.

Mo rò pé ìṣẹ́jú márùn-ún la máa lò ní yàrá ìdájọ́. Wákàtí mẹ́ta ni. Mọ́kànlá gbà pé kò jẹ̀bi, Gary kọ̀, bẹ́ẹ̀ ohùn gbogbo wa gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan. Ó ní, "Àwọn Tackett kẹ̀, ìdílé olè? Ẹ fi ti aago sílẹ̀. Tí kò bá jí èyí, ó ti jí òmíràn." Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ń jẹ́ Bernice fèsì pé, "Gary, tó bá jẹ́ orúkọ bàbá ẹni là ń fi dáni lẹ́jọ́, bàbá tìrẹ tó máa ń fi àtàǹpàkò tẹ òṣùwọ̀n mọ́lẹ̀ tó bá ń wọn ọjà ńkọ́?" Ilé wó fún ẹ̀rín. Gary náà rẹ́rìn-ín, etí rẹ̀ pọ́n bí ata. Mo wá jẹ́wọ́ fún wọn pé èmi náà ti fi ẹ̀rín lásán dá ọmọ yẹn lẹ́bi. Gary ní, "Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n n ò fẹ́ràn rẹ̀ o." Bernice ní kò sẹ́ni tó ní kó fi ọmọ fún un.

Nígbà tí olórí wa kà á pé kò jẹ̀bi, Wesley ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ yẹn, omi sì ń dà lójú rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ẹ̀rù ló ń rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ kìíní. Inú mi dùn, mo sunkún, n ò tijú. Ṣùgbọ́n ìyá Renner ṣì jókòó pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lórí itan, a kò sì rí olè rẹ̀ fún un. Mo lọ kí i níta. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ó sàn kí n má rí òrùka mi mọ́ ju kí n fi ọmọ yẹn gbà á." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé relé.

Nítorí náà, ọmọ mi, fa ìwé àwáwí yẹn ya. Kì í ṣe pé o gbọ́n ju agbẹjọ́rò lọ. O kàn mọ ohun kékeré kan tí ẹlòmíràn níbẹ̀ kò mọ̀, ìwọ náà kò sì tíì mọ èyí tó jẹ́. Mú súwẹ́tà dání, torí amúlétutù wọn kì í ṣàánú ẹni, má sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ilé rẹ, kó ṣọ́ ọ̀nà tí Paul ń rìn lọ síbi iṣẹ́. Kí àwọn ọmọ máa dàgbà, kí ara wọn má yẹ̀. Ilé ẹjọ́ tí ẹ bá wọ̀, kó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa gbọ́ ẹjọ́, kí wọ́n má gbọ́ tiyín láéláé.

Èmi ni ìyá tó bí ọ, tó sì tún wa ọkọ̀ gbé ọ lọ síléèwé,
Marlene.

Àfikún: Mo gbàgbé eléyìí. Lọ́jọ́bọ̀, bí mo ṣe ń wọ ilé ìtajà irinṣẹ́, ọkùnrin kan di ilẹ̀kùn mú fún mi. Ó ní, "Ẹ rọra, mà, ilẹ̀ ń yọ̀." Wesley Tackett ni, ó gbé ọmọ rẹ̀ sáyà. Mo fi ìborùn bo orí, kò mọ̀ mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kọjá. Ká ní bí mo ṣe fẹ́ lọ́jọ́ kìíní ni ìdájọ́ wa lọ ni, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ yìí ni adájọ́ ì bá máa ka ọdún fún un. Ìṣó tí mo lọ rà, n ò rántí rà á mọ́.