Ọmọ Inú Mi àti Ẹ́ńjìnnì Bàálù

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, ẹ̀yin lẹ kúkú kọ́ mi bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gba ìkíni lónìí. Orí bẹ́ǹṣì ọsibítù ni mo wà, mo ń retí kí nọ́ọ̀sì pè mí wọlé kí wọ́n wo ọmọ tó wà nínú mi. Bẹ́ẹ̀ ni, mo tún ti lóyún. Ó ti wọ oṣù kẹfà. Láti ọ̀sán àná, ọmọ náà ò mira mọ́.

Ẹ rántí pé ariwo ẹ́ńjìnnì bàálù ni iṣẹ́ mi ní Idu. Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí lórí rẹ̀: pé mo kàwé, kàwé, mo wá lọ ń gbowó nídìí ariwo, nígbà tí ariwo ọ̀fẹ́ kún gbogbo Kabusa tí ilé wa wà. A gbé ẹ́ńjìnnì kékeré kan sínú yàrá tí ògiri rẹ̀ nípọn, a to makirofóònù yí i ká, a sì ń pààrọ̀ àwọn abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí nínú rẹ̀ láti mọ èyí tí ariwo rẹ̀ kéré jù, kí àwọn tó ń gbé nítòsí pápákọ̀ òfuurufú lè rí oorun sùn.

Ẹ̀yin náà ò fẹ́ràn ariwo. Tí bàálù bá ń kọjá lórí ilé wa, ẹ kì í bá a du ohùn. Ẹ ó dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, ẹ ó gbójú sókè, ẹ ó dúró títí yóò fi lọ, ẹ ó wá bẹ̀rẹ̀ gan-an níbi tí ẹ dúró sí, kódà kó jẹ́ pé mo ti ṣẹ̀, tí ẹ ń bá mi wí lọ́wọ́. Mo máa ń gbàdúrà pé kí ẹ ti gbàgbé. Ẹ ò gbàgbé rí.

Èmi ni mo máa ń sún àwọn makirofóònù yẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Mo máa ń fi ohun ìbotí tó nípọn bo etí mi. Ṣùgbọ́n ariwo kan wà níbẹ̀ tí etí kì í gbọ́. Àyà ló ń gbọ́ ọ, àti ikùn. Gbogbo ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ ni ọmọ yìí á ta kìjí, á fẹsẹ̀ gbá mi. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé eré ló ń ṣe. Màmá, mo bo etí tèmi méjèèjì, mo fi ti ọmọ mi sílẹ̀ gbayawu.

Òfin wà níbi iṣẹ́ wa pé aláboyún kò gbọdọ̀ wọ yàrá yẹn. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ pé mo lóyún? Ẹ rántí ti àkọ́kọ́, bí mo ṣe kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti níbi iṣẹ́, tó sì wálẹ̀ kí wọ́n tó kí mi kú oríire tán. Ẹ̀yin lẹ nu omijé mi, ẹ̀yin lẹ sì kìlọ̀ pé tí òmíràn bá dé, kí n pa ẹnu mọ́ títí ikùn fúnra rẹ̀ á fi sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ràn. Ọkọ mi nìkan ló mọ̀. Mo wọ kóòtù iṣẹ́ tó tóbi, mo ní oúnjẹ ló ń bá mi lára mu. Àgbà náà ló kúkú sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èwo ni kí n tẹ̀lé nínú ọ̀rọ̀ àgbà? Inú ń bí mi sí yín díẹ̀, ẹ má bínú. Ẹ ò sí láyé mọ́ kí n bá yín jà.

Àná, a fi abẹ̀bẹ̀ tuntun sí i, ariwo rẹ̀ sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ náà fò lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀gá mi, ọmọ Ìlọrin tó dàgbà sí Bwari, bá mi.

“Kai, sànnu o, pẹ̀lẹ́. Ṣé kò sí?”

“Ó rẹ̀ mí díẹ̀ ni, sà.”

“Lọ sinmi jàre. Ẹ́ńjìnnì ò ní sá lọ.”

Mo kó ẹrù mi, mo lọ sílé. Nígbà tí mo délé, mo mu omi tútù, mo fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, mo kọrin fún un. Kò dáhùn. Ó yẹ kí n ti wá síbí lánàá, àmọ́ mo bẹ̀rù ohun tí wọ́n á sọ fún mi. Àárọ̀ yìí ni mo tó pe ọ̀gá lórí fóònù, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n máa lọ sí ọsibítù kíá, kí n má tún fẹsẹ̀ tẹ yàrá yẹn mọ́.

Nígbà tí ẹ lóyún mi, ǹjẹ́ mo dákẹ́ báyìí rí? Ṣé ẹ̀rù bà yín? Tí etí ọmọ yìí bá ti bàjẹ́ ńkọ́? Tí kì í bá ṣe etí nìkan ńkọ́? Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní, Màmá, pé

Wọ́n mú iná lọ. Ẹnìkan tan jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn fèrèsé tó wà lẹ́bàá mi, ó sì bú ramúramù, gbogbo bẹ́ǹṣì ń gbọ̀n. Mo dá bírò dúró. Mo gbójú sókè bíi tiyín. Màmá, ọmọ náà ta kìjí. Ó fẹsẹ̀ gbá mi lábẹ́ ìhà, ó tún gbá mi. Ó gbọ́. Mo ń sunkún lójú gbogbo èèyàn, obìnrin tó jókòó tì mí ń bi mí pé ṣé kò sí.

Nọ́ọ̀sì ti ń pe orúkọ mi. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, nítorí mi ò tíì mọ ohun tí wọ́n máa rí. Ṣùgbọ́n níbi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé nìyí: kí ẹ bá wa wọlé.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
àti ẹni tó wà nínú rẹ̀.