Ọkọ̀ Ọ̀gágun Pargeter Tí Kì Í Jò

Ẹsẹ̀ Òkè Malvern,
Ọjọ́ Ajé, òjò ṣì ń rọ̀.

Hester ọmọ mi,

Báwo ni Lọ́ńdọ̀nù, báwo ni òtútù, ṣé o ń wọ súwẹ́tà tí mo hun fún ọ? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ àgùntàn lórí òkè wa níhìn-ín yóò máa ṣọ́ ìwọ náà láàárín àwọn èèyàn tí kì í kí ara wọn nínú ọkọ̀ ojú irin. Ara wa le. Orúnkún bàbá rẹ nìkan ló ń ṣagídí, ìyẹn náà kò ju ìgbà tó bá fẹ́ jáde nínú Linnet, ọkọ̀ wa àtijọ́, lọ. Èmi á fa ọwọ́ ọ̀tún, Ìyáàfin Beddoes ilé kejì á fa ti òsì, á sì jáde bí ìgbà tí a ń fa kárọ́ọ̀tì tu nínú ilẹ̀ líle.

Ọ̀rọ̀ Linnet yẹn gan-an ló mú mi kọ̀wé. O ní bí ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ Audley bá lé e kúrò nínú ìwọ́de ọkọ̀ wọn, wàá mú ẹni tó fẹ́ rà á wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé nítorí orúnkún lo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ yẹn ni bàbá rẹ gbé mi sí kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbẹ́ igi inú ara rẹ̀ nígbà tó ń ṣe káfíńtà ní ilé iṣẹ́ Audley, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ náà nísàlẹ̀ òkè. Láti ìgbà tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni kò ti jẹ ẹyin àárọ̀ rẹ̀ tán mọ́.

Ọ̀gágun Pargeter, alága ẹgbẹ́, tó ń bá ẹni tó ń ta mílíìkì sọ̀rọ̀ bí ẹni ń pàṣẹ fún ọkọ̀ ogun, òun ló gbé òfin náà wá. Ó ní Linnet àti Merlin àti gbogbo ọkọ̀ àtijọ́ ń jo ọ́ìlì sójú títì, ìtìjú ni, ọkọ̀ tó bá ń jò kò gbọdọ̀ bá wọn wọ́de mọ́. Ó ní àwọn á fọwọ́ sí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìwọ́de. Ẹnu rẹ̀ gbà á láti sọ bẹ́ẹ̀ torí pé ó ti ra Kestrel, Audley tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á fi wáyà iná so ó mọ́ ògiri bí ẹní so ewúrẹ́, mo gbà pé nítorí olè ni. Kó tó wọ inú rẹ̀, á kọ́kọ́ tẹ fóònù sí i. N kò tíì gbọ́ kí ọkọ̀ náà dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ á ṣí, ọkọ̀ náà mọ ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún.

Síbẹ̀, àánú ọkùnrin náà ń ṣe mí. O mọ̀ pé bí Audley bá pàdé Audley lọ́nà, a máa ń juwọ́ síra wa ni. Kò sẹ́ni tó ń juwọ́ sí Ọ̀gágun. Kestrel rẹ̀ kì í dún, wọ́n á rò pé fìríìjì ló ń kọjá.

Bẹ́ẹ̀ ni Sátidé ìwọ́de, ìjẹta, pé. Gbogbo wa kó ọkọ̀ jọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ káwọn èèyàn lè wò, àwọn ọkùnrin sì wọlé lọ mu tíì. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í wo abẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bí bàbá rẹ ṣe kọ́ mi: Audley tó ń jò ní ọ́ìlì nínú, èyí tí kò bá jò, tirẹ̀ ti tán. Abẹ́ Linnet dà bí adágún kékeré. Abẹ́ Kestrel gbẹ fúrúfúrú. Ẹni tó máa síwájú gbogbo wa, ọkọ̀ òfìfo ló fẹ́ gùn! Bí ṣúgà bá tán nílé aládùúgbò, a kì í dúró kó tó tọrọ. Mo yọ ìgò ọ́ìlì wa nínú báàgì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèkì. Ihò kan ṣoṣo ni mo rí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìdérí rẹ̀ búlúù, wọ́n ya omi tó ń tú sókè sí i lórí. Mo ní ó dára, ohun tó máa tú jáde ṣáà la ń wá. Mo da gbogbo rẹ̀ sí i, mo fi áńkáṣíìfù nu ìdérí, mo sì lọ mu tíì tèmi.

Ọ̀gágun ló síwájú, àwa ló tò sẹ́yìn pátápátá. A dé kọ̀rọ̀ ilé ọtí ni òjò winniwinni bẹ̀rẹ̀, ló bá tẹ ohun tó ń fọ gíláàsì iwájú. Hester, ọ́ìlì dé. Ó bo gíláàsì bí ọbẹ̀ ẹran ṣe ń bo àwo. Ó rọra dúró, gbogbo wa dúró, a sì lọ pagbo yí i ká. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, a kì í ṣe irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Àlùfáà nìkan ló lọ ń wá nǹkan kan nínú igbó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sì pẹ́ kó tó rí i.

Ọ̀gágun sọ̀ kalẹ̀. Ọ́ìlì ti ṣàn gba orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń kán sílẹ̀, tó, tó. Ó fi orúnkún kan kúnlẹ̀, ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀. Mo rò pé á jágbe mọ́ bàbá rẹ. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ ni.

“Wilfred, ó ń jò.”

“Ó ń jò, Ọ̀gágun.”

“Bíi tiyín.”

“Bíi tiwa gẹ́lẹ́. Audley ṣáà ni, ẹ ò rí i?”

Ọ̀gágun nu ojú, ó ní ọ́ìlì ló ta sí i. Ìyáàfin Beddoes bá juwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ṣe ń juwọ́, òun náà ń juwọ́ padà bí ọmọ tó wọ ọkọ̀ ojú irin nígbà àkọ́kọ́. Níwọ̀n bí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́jú, Linnet ló síwájú wa dé òkè. Orí ìjókòó mi ni Ọ̀gágun jókòó sí, èmi àti àlùfáà fẹsẹ̀ rìn. Nírọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló fa òfin náà ya, ó ní ọkọ̀ tí kì í jò, ó ní ohun tó ń fi pamọ́.

Mo ròyìn oore tí mo ṣe Ọ̀gágun fún bàbá rẹ nígbà tí a délé. Ó wúkọ́, ó kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹkún ọpẹ́ ni. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, “Enid, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kó o sì tún ṣe é kí ìwọ́de Àjíǹde tó dé.” Lọ́jọ́ kejì, ẹyin méjì ló jẹ.

Nítorí náà, sọ fún oníbàárà rẹ kó má ṣèyọnu wá. Bí nǹkan bá sì wà lọ́wọ́, fi owó ọ́ìlì agolo méjì ránṣẹ́: ọ̀kan fún Linnet, ọ̀kan fún Ọ̀gágun, torí pé bí a ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ lánàá, mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ Kestrel, ó ti tún ń gbẹ.

Kí epo àtùpà rẹ má tán láé. Kí ẹni rere máa juwọ́ sí ọ lọ́nà, kí o sì rí aládùúgbò tí yóò máa wo abẹ́ ọkọ̀ rẹ fún ọ lójú àìmọ̀ rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Enid Tolley