Bàbá Rẹ Kékeré Ti Darí Wálé

Ọmọ mi obìnrin, àkọ́bí mi, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá, mo sì bẹ Ọlọ́run kí ewu ọ̀nà àti ewu ọ́fíìsì má mọ ilé rẹ. Ara ìyá rẹ le díẹ̀, orúnkún nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo pè ọ́ lórí fóònù títí, obìnrin kan ló ń dáhùn pé o ò sí nítòsí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi lọ pè ọ́ wá, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tẹnu mọ́, ni mo fi ní kí n kúkú kọ̀wé.

Bàbá rẹ kékeré dé lọ́jọ́ Ẹtì pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo. Mo rò pé ìsinmi lẹ fún un, àfi ìgbà tó ní ìwọ fúnra rẹ lo pè é wọ ọ́fíìsì, tí o ka ìwé sí i létí pé ẹ̀rọ tuntun ti gba iṣẹ́ òun. Kò yé mi. Ṣebí ìwọ lo sọ nígbà tí o gba iṣẹ́ yẹn pé èèyàn lọrọ̀ ilé iṣẹ́ yín, pé ìwọ ni wọ́n fi ṣọ́ ọrọ̀ náà. Mo fi yangàn ká àdúgbò. Ta ló wá ń da ọrọ̀ síta?

Ó ní káàdì tó máa ń ṣílẹ̀kùn fóun ò ṣí i mọ́. Mo wò ó, ó jọ pé ọ̀rinrin ló wọ̀ ọ́, mo ti sá a sóòrùn. Jọ̀ọ́, ní kí wọ́n tún un dán wò.

Ẹ̀rọ yẹn ńkọ́, ṣé ó máa ń kí èèyàn láàárọ̀? Bí ìyàwó ẹnìkan bá ń rọbí, ṣé á ní kó máa lọ, pé òun á bá a ṣe tiẹ̀? Bàbá rẹ kékeré ń ṣe gbogbo ìyẹn, ó ní kò sí nínú ìwé tí o kà.

Tílẹ̀ bá mọ́, á wẹ̀, á wọ aṣọ iṣẹ́, á jókòó sọ́dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tó ń retí mọ́tò. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Inú ń bí ìyá rẹ, ó ní ọmọ tó gun èjìká ẹni lọ sílé ìwé ló tini ṣubú. Àmọ́ bàbá rẹ kékeré ní kó panu mọ́. Ó ní ọ̀gá rẹ jókòó tì ọ́, ìlà kan náà lo kà lẹ́ẹ̀mẹta, o sì ń pe òun ní ọ̀gbẹ́ni bí ẹni tí ò rí òun rí. Ó ní òun lòun bu omi fún ọ mu.

Owó oògùn orúnkún ti tán, fi díẹ̀ ránṣẹ́ tó bá wà. Ti bàbá rẹ kékeré kì í ṣọ̀rọ̀ owó. Wá sílé, jókòó tì í lọ́dẹ̀dẹ̀, kí o pè é ní bàbá.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ gba ojú àánú lọ́wọ́ rẹ.

Èmi bàbá rẹ.