Orúnkún Kulthum ní Vienna

Àlàájà, ìyá wa, mo kí yín, mo kí gbogbo ilé. Mùnírù ọmọ yín ń kí yín láti Jeddah. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo fi ránṣẹ́, àárọ̀ ni kí ẹ máa lò ó, lẹ́yìn oúnjẹ.

Ẹ ní kí a mú Kulthum ọmọ wa kúrò nílé akẹ́kọ̀ọ́ ní Vienna, kó má baà gbàgbé ilé. Mo ti lọ wò ó. Ẹgbẹ̀rún yàrá ló wà níbẹ̀. Ọmọ tó máa ń fi Lárúbáwá dá wa lóhùn kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrìn, Màámi." Ẹnu yà mí. Àwọn ọmọ òyìnbó rò pé ó dákú, wọ́n sáré gbé omi wá, ó sì ṣàlàyé fún wọn. Lọ́jọ́ kejì, méjì nínú wọn kúnlẹ̀ kí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀, kí ẹ sì ṣàdúà fún un. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ òyìnbó náà bi mí bóyá orúnkún kan tó láti fi kí àgbà. Mo ní màá bi yín.

Ìyàwó yín,
Bùsírátù