Àpò Kálísíọ̀mù tí Ilé Ìfìwéránṣẹ́ Dá Padà

Kerryn ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Brisbane? Ìyá rẹ kí ọ, Clive tí oko wa jọ pààlà kí ọ, àwọn màlúù náà ìbá kí ọ bí wọ́n bá mọ̀wé. Ọlọ́run á máa bá wa ṣọ́ ọ. Òjò rọ̀ ní Malanda, koríko ti dé orúnkún.

Àwòrán egungun rẹ dé sórí fóònù, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi tí a ti ń fún wàrà. Clive ní ìbàdí náà jọ ti ìyá rẹ, ìyá rẹ sì bi í pé níbo ló ti rí tòun. Ohun tó dùn mí ni máàkì tí ẹ̀rọ tó ya egungun náà fún ọ, tó fi méjì àti ààbọ̀ kéré sí òdo. Mo kọ̀wé sí ilé ìwòsàn pé ọmọ tí kò gba òdo rí níléèwé kò lè wá gba ohun tí kò tó òdo, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò.

Nọ́ọ̀sì kan pè mí, ó ní òun ò lè sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún mi, àmọ́ òun lè ṣàlàyé bí ara obìnrin ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ní òdo gan-an ni máàkì egungun tó le dáadáa, èyí tó bá kéré sí i ti ń fúyẹ́. Ó ní họ́mónù kan wà tó ń jẹ́ prolakitíìn, òun ló ń pàṣẹ wàrà. Tó bá pọ̀ jù lára ẹni tí kò bímọ, nǹkan oṣù á dúró, họ́mónù obìnrin tó ń ṣọ́ kálísíọ̀mù inú egungun á sì lọ sùn. Mo ní ó yé mi, àìsàn màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, tí wàrà ń fa kálísíọ̀mù ara rẹ̀ tán. Mo di àpò kálísíọ̀mù mẹ́rin tí à ń fi abẹ́rẹ́ fún wọn, mo kọ ọ́ sára pé kí o pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́wàá. Obìnrin ilé ìfìwéránṣẹ́ dá a padà, ó ní, “Des, ọmọ rẹ kì í ṣe màlúù.” Mo ní mo mọ̀, ìdí tí mo fi pín in sí mẹ́wàá nìyẹn.

Àná ni ìyá rẹ wá sọ fún mi pé o ti pa oògùn tí dókítà fún ọ tì nítorí èébì. Ṣé o rántí Biddy, màlúù tó máa ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ? Nígbà tó bímọ, ó ṣubú, mo fún un ní kálísíọ̀mù, ó dìde. Àmọ́ mi ò yéé fún wàrà rẹ̀ gbẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ohun tí mo dà sí i lára, mo tún ń fà á jáde. Ó tún ṣubú, kò dìde mọ́. Mo sọ fún ọ pé a tà á ni. Irọ́ ni mo pa, Kerryn.

Oògùn rẹ yẹn ló ń dá prolakitíìn lẹ́kun, kí olùṣọ́ lè jí. Nọ́ọ̀sì ní tó bá ń mú èèyàn bì, kí ó sọ fún dókítà, wọ́n lè dín in kù, tàbí kí ó máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́. Pè wọ́n lónìí.

Mo fẹ́ tọrọ owó fóònù tuntun lọ́wọ́ rẹ, àmọ́ fi owó náà wọkọ̀ lọ rí dókítà ná. Egungun rẹ á le, wàá gbó, wàá tọ́. Lọ́jọ́ tí o bá gba òdo, tètè sọ fún wa, ìyá rẹ á ṣe kéèkì.

Èmi ni bàbá rẹ,
Des